Ìbọn Méjì Tí Wọ́n Rà Lọ́jọ́ Kan Náà

Ọjọ́ kan náà ni bàbá mi àti bàbá aládùúgbò mi ra ìbọn wọn, nígbà tí wọ́n ń ta àlòkù ìbọn ológun fún àwọn ọdẹ ní Ṣakí. Irú kan náà ni méjèèjì. Nítorí náà, nígbà tí ìlú fẹ́ ṣí yàrá tí wọn yóò kó ohun àtijọ́ sí, tí wọ́n sì ní ìbọn kan ṣoṣo làwọn nílò, ó dá mi lójú pé ti bàbá mi ni wọn yóò mú. Èmi ni mo lọ sí yunifásítì. Oko iṣu ni aládùúgbò mi fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Síbẹ̀, nǹkan rere kì í fo ilé rẹ̀ kọjá. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń pariwo lágbàlá rẹ̀ láàárọ̀. Inú fóònù ni mo ti ń rí tèmi.

Lọ́dọ̀ wa, ọdẹ tó bá gbé ìbọn tó dípẹtà jáde láwùjọ ti dójú ti bàbá tó bí i. Mo gbé tèmi lọ bá alágbẹ̀dẹ, ó ha á títí irin rẹ̀ fi ń dán. Káfíńtà fá igi ìdí rẹ̀, ó sì kùn ún.

Obìnrin kan tó mọ bí ìbọn àtijọ́ ṣe níye lórí tó ló wá láti Ìbàdàn láti yan èyí tí wọn yóò mú. Inú àpò ajílẹ̀ ni aládùúgbò mi gbé tirẹ̀ sí, èéfín àjà ilé ìdáná ti bò ó.

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé kò sómi nílé yín ni?"

"Omi wà. Ọ̀lẹ ni ò jẹ́ n nù ún. Alákọ̀wé, tìẹ mà dà bí ìyàwó tuntun o!"

Obìnrin náà yí tèmi síwá sẹ́yìn. "Bàbá, ta ló ha irin yìí?"

"Alágbẹ̀dẹ wa ni. Ó mọṣẹ́, àbí?"

"Òǹtẹ̀ ológun àti nọ́ńbà rẹ̀ ló yẹ kó wà níbí, Bàbá. Òun la fi ń mọ ibi tó ti wá. Wọ́n ti ha á dànù. Igi yìí náà, bí àga tuntun ló rí."

Ó fi aṣọ nu èéfín ara ìkejì díẹ̀díẹ̀. Òǹtẹ̀ adé yọ, nọ́ńbà yọ. Nọ́ńbà kan náà tún wà lára irin tí wọ́n ń fà sẹ́yìn kí ọta tó wọlé.

"Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ha èyí o, Bàbá," ló sọ fún aládùúgbò mi. "Lójú àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ, iye rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí wọ́n ha yìí lọ."

Ìlọ́po mẹ́wàá, nítorí ọ̀lẹ! Mo gbàdúrà pé kí ìbọn náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó sì dá sí méjì. Kò bọ́.

Lọ́jọ́ kejì, aládùúgbò mi mú bébà wá bá mi. "Ìwọ lo mọ̀wé. Bá mi kọ ohun tí wọn yóò lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn mi ní yàrá náà. Orúkọ bàbá mi ni kó ṣáájú."

Ó ṣe mí bíi kí n ṣi orúkọ náà kọ. Mo jókòó, mo kọ ọ́: bí ọkùnrin náà ṣe ń rìn nínú igbó, bó ṣe ń pín ẹran ìgbẹ́ kárí àdúgbò, bó ṣe ń fi òróró pa ìbọn náà ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

Ó ní kí n kà á fún òun. Nígbà tí mo parí, ó ń nu ojú.

"O kọ ọ́ bí ẹni pé bàbá tìẹ ni."

Mo ká bébà náà, mo nà án sí i. Bàbá tèmi ni.