Púpurú Ẹni Mẹ́rin

Nígbà tí mo wà ní ìwé karùn-ún ní Ìkọ̀yà, tíṣà wa ya òbíríkítí kan sójú pátákó. Ó ní ká mú un bíi púpurú kan, òkèlè tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, tí bàbá, ìyá àti ọmọ méjì fẹ́ pín jẹ. Èmi ló pè pé kí n wá kọ ìpín kálukú.

Kí ló le níbẹ̀? Èmi kọ́ ni mò ń bá ìyá mi bu oúnjẹ nílé ni? Mo kọ ìdajì fún bàbá, ìdá kan nínú mẹ́rin fún ẹ̀gbọ́n, ìdá kan nínú mẹ́rin fún àbúrò. Nígbà tó kan ìyá, mo kọ "ìdí ìkòkò".

"Ṣé ìyá yìí ń gbààwẹ̀ ni?" tíṣà bi mí. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Inú bí mi, torí bá a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn, ìyá mi ò sì ké ebi rí.

Tíṣà ní kò sí àgbà, kò sí ọmọdé nínú ìṣirò. Ọgbọọgba là ń pín in. Ó gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó ní bátìrì ku pásẹ́ǹtì márùndínlọ́gbọ̀n, ìdá kan nínú mẹ́rin náà nìyẹn. Ó wá ní ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò ọjọ́ Ẹtì yóò padà sí ìwé kẹrin. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀. Kàkà kí n bá a jókòó, màá kúkú pa ilé ìwé tì.

Lọ́jọ́bọ̀, ìyá mi ti ibi tí wọ́n ti ń fọ epo pupa dé, ó ti rẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo ro púpurú. Mo gé e sí mẹ́rin ọgbọọgba, kí n lè fi kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bàbá mi wo àwo rẹ̀, ó wò mí.

"Ìṣirò ni," mo wí. Ó fọ ọwọ́, ó jẹ tirẹ̀.

"Ta ló ni èyí?" ìyá mi bi mí.

"Tiyín ni, màámi."

Ó ní ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́ tán, ó tún fi ìka nu àwo. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé kì í jẹun púpọ̀ ni. Ó dùn mí gan-an.

Mo yege lọ́jọ́ Ẹtì. Mo sáré wá sọ fún un lẹ́yìnkùlé, níbi tó ti ń fọ aṣọ.

"O ò ní padà sí ìwé kẹrin mọ́?"

"Rárá, mà."

Ó fún aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó sá a sórí okùn.

"Ó dáa. Bó o ṣe pín púpurú lánàá, bẹ́ẹ̀ ni kó o tún pín in lónìí."