Ọdún Mẹ́ta Tó Wà Lórí Orúkọ Ìyá Aláago

Ẹni tó ń tún aago ṣe kì í jẹ́ kí ọwọ́ òun gbọ̀n. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìbínú mú kí ìṣó tín-ín-rín bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Aláago lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ti kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kúrò, àmọ́ ẹni tó bá tẹ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ojú ewé àtijọ́ ló ń rí, tó ń júwe ṣọ́ọ̀bù àtijọ́. Lánàá, bàbá arúgbó kan ru aago ògiri dé ẹnu ilẹ̀kùn títì, ó sì rù ú padà. Ilé-iṣẹ́ tó bá a forúkọ náà sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó darí rẹ̀ sí ojú ewé tuntun. “À ń ṣe é” ni orin wọn láti oṣù tó kọjá.

“Ìyá ọmọ mi, gbé e kúrò lọ́wọ́ wọn,” ni ọkọ rẹ̀ wí.

“Kí ọdún mẹ́ta tó kù lórí rẹ̀, tí mo ti sanwó rẹ̀, jóná? Ẹni tó kó kúrò nílé, ṣé lánlọ́ọ̀dù máa ń di owó ilé tó kù fún un dání?”

Ohun tí ọkùnrin ilé-iṣẹ́ náà sọ fún un nìyẹn: “Màmá, tí ẹ bá kúrò, ọdún yín ti wọmi o.” Ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń ta á lára jù.

Lọ́sàn-án, ó bínú wọ ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń bá èèyàn forúkọ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Obìnrin tó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ tán, ẹnu yà á.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló tàn yín? Orí orúkọ ni ọdún wà, kò sí lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Ẹni tó kó kúrò nílé, ṣé ó ń fi ọjọ́ orí rẹ̀ sílẹ̀ fún lánlọ́ọ̀dù ni?”

Ìyá Aláago fa àga, ó jókòó.

“Irú orúkọ tiyín yìí, tí ẹ bá gbé e wá, ọdún kan tí ẹ máa san níbí á gorí mẹ́ta yẹn. Ó di mẹ́rin. Kò kàn gbọdọ̀ ju mẹ́wàá lọ ni.”

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ńṣe ni ìbínú rẹ̀ tún le sí i. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó ń bẹ̀ wọ́n, irọ́ ni okùn tí wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀! Ó pe ọkùnrin ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀.

“Ẹ fún mi ní kóòdù tí mo máa fi gbé orúkọ mi lọ.”

“Màmá, ọdún mẹ́ta yín ńkọ́?”

“Ó ń bá mi lọ, ó sì máa bí àbúrò lọ́nà. Ìwà yín ni mo fi sílẹ̀ fún yín. Ẹ máa lò ó pẹ́.”

Ọkùnrin náà wúkọ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Ẹ dúró díẹ̀, à ń...”

“Mo ti dúró tó! Kà á sí mi létí.”

Ó kà á. Ìyá Aláago fi bírò kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò sì gbọ̀n rárá.