Ẹni Tó Ń Fò Kí Ìyàwó Rẹ̀ Lè Dùbúlẹ̀

Títún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun ṣe ní ọsibítù niṣẹ́ ọkùnrin kan, Ẹlẹ́rọ sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bí ẹ̀rọ kan bá dákẹ́ ní ìlú kan, wọ́n á ní kó tètè wọ bàálù, kó lọ jí i. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í sì í pariwo. Ohun kan ṣoṣo tí kò rí tún ṣe ni ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀.

Aránṣọ ni ìyàwó. Ìjókòó ìdí máṣíìnì láti ìgbà ọmọge ti ba eegun ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, débi pé kò lè jókòó pẹ́ tó ìgbà tí omi fi ń hó. Òkè òkun ni dókítà tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ náà wà, ibẹ̀ sì jìn, àárọ̀ ṣúlẹ̀ lójú òfuurufú. Báwo ló ṣe máa jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ìjókòó tó ń di ibùsùn wà níwájú bàálù lóòótọ́, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń gba owó oṣù ń dárúkọ láìmí kanlẹ̀.

Obìnrin tó ń bá wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ọ́fíìsì ló la Ẹlẹ́rọ lójú. Àǹtí Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é.

“Ìwọ tó ń fò bí ẹyẹ yìí,” ó ní, “ṣé o ò mọ̀ pé àwọn oníbàálù máa ń dá ẹni tó bá ń tẹ̀lé wọn lọ́lá ni? Tó o bá dé ipò góòlù, ìyẹn ipò wúrà, ìwọ àti ẹnì kan tó o bá yàn ni wọ́n á máa gbé lọ síwájú, níbi tí wọ́n ti ń nà gbalaja. Wọn ò ní gba nǹkan kan kún un.”

“Èwo ló yá jù, Àǹtí?”

“Ilé-iṣẹ́ ńlá yẹn, bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni wọ́n ń kà. Ìrìn tìẹ ò jìn. Wàá hewú kó o tó débẹ̀. Kékeré yìí, èyí tó kun bàálù ẹ̀ láwọ̀ eérú, tóun náà ń dé òkè òkun, iye ìgbà tó o bá gbéra nílẹ̀ ni wọ́n ń kà. Ì báà jẹ́ ìlú tó múlé gbè wá lo lọ, ó ti di ọ̀kan.”

“Tí mo bá wá gba ìlú mìíì kọjá ńkọ́, tí mo wọ bàálù méjì?”

“Ó di méjì nìyẹn. Àmọ́ ọdún ò gbọdọ̀ yí lé ẹ lórí o. Tó bá ti yí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìkà látìbẹ̀rẹ̀.”

Bí Ẹlẹ́rọ ṣe yan eléérú nìyẹn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà lóòótọ́, àmọ́ ti ọkùnrin yìí wá kọjá bẹ́ẹ̀. Ìlú tí ìbá lọ láàárọ̀ kó sì bọ̀ nírọ̀lẹ́, ó ń gba ìlú méjì mìíràn yí ká kó tó débẹ̀. Ó ń sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì nígbà tí ibùsùn ń bẹ nílé. Ìyàwó bi í pé kí ló dé tí iṣẹ́ pọ̀ tó báyìí, ó yí ọ̀rọ̀ sí nǹkan mìíràn. Ó fẹ́ kí ayọ̀ náà bá obìnrin náà lójijì. Ọgbọ́n àwa ọkùnrin nìyẹn: a ó máa fìfẹ́ pa mọ́ bí ẹni tó jalè.

Ó wá ń ṣàkíyèsí ohun kan. Bí bàálù eléérú bá ti gbéra, nǹkan kan a já nínú ọkùnrin náà, wẹ́rẹ́, bí òwú bọ́tìnnì. Kò dùn ún, nítorí náà kò kà á sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó pe ìyàwó rẹ̀ láti pápákọ̀ òfuurufú.

“Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bá mi fọwọ́ ra ẹ̀yìn lánàá,” ìyẹn wí. “Mo sùn dáadáa.”

“Lánàá kẹ̀? Hòtẹ́ẹ̀lì ni mo wà lánàá.”

Ìyàwó rẹ́rìn-ín. “Ẹ tún ti gbé àwàdà yín dé.”

Ó di ẹ̀bi náà ru oògùn ìrora tí ìyàwó ń lò. Àmọ́ nígbà tó délé, káfíńtà tí wọ́n jọ pààlà ògiri dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìjẹta o. Bí kì í bá ṣe pé ẹ bá mi gbá pákó yẹn mú, orí ẹsẹ̀ mi ni ìbá já lé. Àmọ́ ẹ ò fọhùn sí mi rárá. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?”

Níjẹta, inú sánmà ni Ẹlẹ́rọ wà, káfíńtà kì í sì í lo oògùn ìrora. Ó wọlé, ó bá ìyàwó rẹ̀ lórí ibùsùn, àga kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ kan tìmùtìmù àga náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi. Ó sọ fún Àǹtí Tíkẹ́ẹ̀tì pé òun fẹ́ sinmi díẹ̀.

“Ọdún ti ń parí lọ,” ìyẹn dáhùn, “ohun tó kù fún ẹ ò sì pọ̀ mọ́. O fẹ́ da gbogbo ẹ̀ nù?”

Ó rántí bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń di ògiri mú kó tó lè dìde. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó padà sínú bàálù.

Láti ìgbà náà, àwọn tó ń pín omi nínú bàálù a fún ẹni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, wọ́n a fún tòsì, wọ́n a sì kọjá lọ. Ilẹ̀kùn ọsibítù tó ń ṣí fúnra rẹ̀ kò ṣí fún un mọ́. Ó ní láti dúró kí ẹlòmíràn wá kó tó bá a wọlé. Bó bá sì pe ilé, ohùn ìyàwó rẹ̀ ń dùn sí i ni, ó ń sọ bí àwọn ṣe jọ rẹ́rìn-ín lánàá. Ọkùnrin náà wá ń jowú ara rẹ̀. Kò rí ẹni tó lè fi irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sùn.

Ó dé ipò góòlù kí ọdún tó yí. Ọ̀sán ló wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀ létí fèrèsé ní pálọ̀, ó ń gán aṣọ, ara rẹ̀ sì dá sáká ju bó ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ ló tú sílẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà: dókítà, ibùsùn iwájú bàálù, ìdí tí òun fi ń lọ yí gbogbo ìlú ká.

Omi lé ròrò sójú obìnrin náà. “Ṣé mo bẹ̀ yín ni?” ó ní. “Kẹ́nì kan ṣáà wà nínú ilé pẹ̀lú mi, ohun tí mo fẹ́ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Mo ti dé báyìí. Mi ò ní lọ mọ́.”

Obìnrin náà wò ó títí, bí aránṣọ ṣe ń wo oníbàárà tó wá gba aṣọ tí ẹlòmíràn ti wọ̀ lọ. Àánú wà lójú rẹ̀. Láti inú yàrá, ẹnì kan ń hanrun, Ẹlẹ́rọ sì mọ ìhanrun ara rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra máa sọ̀rọ̀,” obìnrin náà wí. “Ọkọ mi ń sùn.”