Fàdákà Inú Omi Fíkísà

Òórùn omi fíkísà kì í tètè kúrò lára aṣọ. Ó kan bí ọtí kíkan, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ irun débi pé bí mo bá wọkọ̀ ní Kétu nírọ̀lẹ́, ẹni tó jókòó tì mí á kọ́kọ́ fa imú, á wá máa wo báàgì mi bíi pé ẹja tó ti bàjẹ́ ló wà níbẹ̀. Láwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú, tí ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò ṣì ní láti ra fíìmù, ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń fọ fíìmù, èmi náà ni mò ń pààrọ̀ omi inú ẹ̀rọ. Omi fíkísà ni a máa ń lò gbẹ̀yìn kí àwòrán tó lè dúró. Bó bá sì ti gbó, inú gọ́tà là ń dà á sí. Kò sẹ́ni tó bi wá pé kí ló dé.

Bàbá mi ń ṣọ́ géètì ní ẹ̀sítéètì kan ní Mágòdò nígbà náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bí wọn sí nìyẹn. Alágbẹ̀dẹ fàdákà ni wọ́n, ọmọ Òkè Ògùn, ọwọ́ bàbá wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ẹ̀gbà pupa òyìnbó tó ń dán yinrin, àwọn oníbàárà wọn ń dín kù títí wọ́n fi tán. Bàbá mi di ẹwìrì àti òòlù wọn sínú àpò ìdọ̀họ kan, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì lọ wọ yúnífọ́ọ̀mù. A kì í sọ̀rọ̀ nípa àpò yẹn nílé.

Ṣùgbọ́n àṣà kan wà nílé wa tí kò ṣeé tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọbìnrin alágbẹ̀dẹ fàdákà kì í lọ sílé ọkọ láìwọ ẹ̀gbà tí bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ, fàdákà náà kò sì gbọdọ̀ ti ọwọ́ ọkọ wá. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin méjèèjì ló wọ tiwọn lọ, ẹ̀gbà tó nípọn, tó wúwo. Nígbà tó kàn mí, fàdákà kò sí mọ́. Àfẹ́sọ́nà mi, tó ń ṣe rewáyà ọkọ̀, ní òun á bá wọn rà á. Bàbá mi kàn wò ó, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹni tó ń gbéyàwó kì í tún bá àna rẹ̀ gbé ẹrù ìyàwó.” Wọn kò sọ pé àwọn kò fi mí fọ́kọ o. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí àwọn àna bá ránṣẹ́ pé kí a dá ọjọ́, èsì kan náà ni: ẹ jẹ́ ká ní sùúrù. Sùúrù náà gùn títí òjò fi lọ tí ọyẹ́ fi dé. Mo mọ ohun tó ń ṣe bàbá mi. Ojú ló ń tì wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, mo ń da omi fíkísà sí gọ́tà bí ìṣe mi, ni ọ̀gá mi tó ni ṣọ́ọ̀bù bá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi.

“Sister, fàdákà lò ń dà nù yẹn o.”

Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣeré ni. Wọ́n ní rárá, pé fàdákà ló wà lára fíìmù, fíkísà ló sì ń bó o kúrò. Wọ́n ní níbi tí àwọn ti kọ́ṣẹ́, ọkùnrin kan máa ń wá kó gbogbo omi tó ti gbó lọ, á ki irin bọ̀ ọ́, fàdákà á sì fi omi sílẹ̀, á lọ lẹ̀ mọ́ irin.

“Irin wo, Ọ̀gá?”

“Èmi ò know details yẹn o. Irin ṣáà ni.”

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, n kò da ẹ̀kán omi fíkísà kan nù mọ́.

Mo bẹ ọ̀gá mi pé kí wọ́n fi omi náà jìn mí, wọ́n sì gbà. Mo wá lọ sí Mile 12 láti lọ ra irin. Ẹ wo ọgbọ́n tèmi! Kànrìnkàn onírin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò ni mo rà, mo sì yan èyí tó dán jù, tó wọ́n jù, tí ẹni tó tà á búra pé kò ní dípẹtà láyé. Mo ní fàdákà tí yóò bá mi délé ọkọ kò gbọdọ̀ bá irin ìdọ̀tí pàdé. Mo fi wáyà dúdú kan tí àwọn bíríkìlà fi ń di irin so wọ́n pọ̀, mo he wáyà náà nílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, mo wá rì wọ́n sínú omi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo dúró. Nígbà tí mo yọ wọ́n, wọ́n ṣì ń dán bí ìgbà tí mo rà wọ́n. Mo pààrọ̀ omi, mo fi kún kànrìnkàn, kò sí nǹkan kan. Ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Oní-fàdákà. Àfẹ́sọ́nà mi rọra ní kí n fi í sílẹ̀, pé a lè bẹ bàbá. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi fúnra wọn, wọ́n ní inú òkúta ni wọ́n ti ń wa fàdákà, kì í ṣe inú omi. Inú bí mi. Mo pinnu pé bí gbogbo ayé bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, n kò ní ṣíwọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo tún yọ kànrìnkàn náà, wáyà tí mo fi so wọ́n já mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ti wú, ó dúdú, ó ń rún wómúwómú bíi búrẹ́dì tó jóná. Mo fẹ́ sọ ọ́ nù, ni mo bá kọ́kọ́ fi í ha ara sìmẹ́ǹtì. Ibi tó ha lára wáyà náà di funfun, ó sì ń kọ mànà. Mo jókòó sílẹ̀. Wáyà tí mo he nílẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà yìí wá. Kànrìnkàn olówó ńlá kàn ń wẹ̀ ni! Irin tí omi lè jẹ ni fàdákà ń fẹ́, èmi sì ti fi owó mi ra èyí tí nǹkan kan ò lè jẹ. Mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá mi fi jáde wá wò mí.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo lọ sí Owódé Onírin. Mo bá ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ fá irin, irin wẹ́wẹ́ tó ń ká kò bí irun ọmọ tuntun kún ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ẹ kúuṣẹ́ o. Irin wẹ́wẹ́ yìí ni mo fẹ́.”

“Aunty, ìdọ̀tí nìyẹn now. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ fi relé ọkọ ni.”

Ó wò mí dáadáa, ó rò ó, ó sì bu àpò kan kún fún mi láìgba nǹkan kan. Bóyá ó rò pé orí mi ò pé.

Irin wẹ́wẹ́ yẹn kò dán rárá, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́. Ẹrẹ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sí ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì. Mo ń fi aṣọ sẹ́ ẹ, mò ń ṣàn án, mò ń sá a sórí páànù. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa eèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Èmi gbà pé òótọ́ ni, nítorí pé ẹ̀yìn ń ro mí. Lọ́jọ́ ìsinmi bàbá mi, mo gbé e lọ bá wọn.

Wọ́n fi ìka tọ́ ọ, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. “Ẹrẹ̀ lo gbé wá fún mi.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bá mi yọ́ ọ.”

Wọ́n wọlé, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ àpò yẹn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yìnkùlé la dáná èédú sí. Èmi ń fẹ́ ẹwìrì, wọ́n ń wo ojú iná. Nígbà tí wọ́n da ohun tó yọ́ sílẹ̀, ìdàrọ́ dúdú lásán ni. Ẹkún gbọ̀n mí. Àmọ́ bàbá mi kò wo ojú mi rárá. Wọ́n ti gbàgbé pé mo wà níbẹ̀. Wọ́n bu ìyẹ̀fun funfun tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń ya ìdọ̀tí kúrò lára fàdákà sí i, wọ́n dá a padà síná, wọ́n ní, “Fẹ́ ẹ! Má dẹwọ́!” Ohùn yẹn, mo ti gbàgbé pé wọ́n ní in. Nígbà tó tutù, wọ́n fi òòlù fọ́ ìdàrọ́ náà, hóró kan bọ́ sílẹ̀, kò tóbi ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. Wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, wọ́n fi òòlù lù ú jẹ́jẹ́, wọ́n tẹ́tí.

“Fàdákà ni,” ni wọ́n wí.

Kò tó, bẹ́ẹ̀ a kò dúró. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: èmi ń kó ẹrẹ̀ wálé, àwọn ń yọ́ ọ. Kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀, ó ti tó ẹ̀gbà kan, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, tí kò wúwo tó ìlàjì ti àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń bẹ̀rù pé bàbá mi á ní kí a tún ní sùúrù. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn àna fúnra wọn, wọ́n dá ọjọ́.

Nígbà ìgbéyàwó àwọn ẹ̀gbọ́n mi, bí bàbá mi bá ti ń fi ẹ̀gbà sí wọn lọ́wọ́, ohun tí wọ́n máa ń wí ni, “Gba ohun tí ọwọ́ bàbá rẹ ní.” Lọ́jọ́ tèmi, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, “Gba ohun tí ọwọ́ bàbá rẹ…” wọn kò parí rẹ̀, wọ́n wá ní, “Ìwọ lo fún mi.” Èmi àti àwọn la jọ sunkún, àwọn àna ò mọ ohun tó ṣe wá.

Kò sẹ́ni tó ń ra fíìmù mọ́ báyìí. Bàbá mi náà ti lọ. Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, ààfáà tó fẹ́ wàásù béèrè lọ́wọ́ àwa ọmọ pé iṣẹ́ wo ni bàbá yìí ṣe láyé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi wo ara wọn, nítorí pé géètì ni gbogbo àdúgbò mọ̀ wọ́n mọ́. Ọ̀kan ti ń la ẹnu láti sọ ọ́. Mo yáa tètè dáhùn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Mo ní alágbẹ̀dẹ fàdákà ni wọ́n.