Ikhlas Sabti àti Ọjọ́ Tí A Kì Í Jáde

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tó ku wákàtí márùn-ún kí oòrùn wọ̀, Ikhlas Sabti rí i pé òun ti ṣi ọjọ́ kà. Ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọbìnrin Baghdad ní ìṣirò ni. Ìwé òfin ìdìbò wà lórí itan rẹ̀. Ó fi ìka tẹ ìlà náà, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ọjọ́ mẹ́ta ni òfin fún ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé ẹ̀hónú lórí èsì ìdìbò. Òfin kò sọ pé ọjọ́ iṣẹ́. Òun ló fi "iṣẹ́" kún un lọ́kàn ara rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kéde èsì, lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ọ́fíìsì. Kò sí iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, kò sí iṣẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀la, Ọjọ́ Àìkú, ní aago méjì ọ̀sán, ohun gbogbo parí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ lónìí títí yóò fi yọ ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, Mándéà kankan, àwọn ẹlẹ́sìn kékeré tí Ikhlas wà lára wọn, kò gbọ́dọ̀ yọ ẹsẹ̀ síta.

Ọdún tuntun ló dé. Ní wákàtí mẹ́rìndínlógójì yẹn, gbogbo àwọn ẹ̀mí tó ń ṣọ́ ayé a máa gòkè lọ kí Olúwa Ìmọ́lẹ̀. Odò kò ní olùṣọ́, igi kò ní, ojú ọ̀nà kò ní. Kí oòrùn tó wọ̀, olúkúlùkù yóò ti wẹ̀ nínú odò, yóò ti pọn omi sílé, yóò ti fọ dàbínù àti ewébẹ̀ tí wọn yóò jẹ, yóò sì ti ilẹ̀kùn. A kì í pọn omi mọ́, a kì í fọwọ́ kan ẹran, a kì í tẹ koríko. Ẹni tó bá kú lásìkò náà, òkú rẹ̀ yóò dúró de Ọjọ́ Ajé. Ẹni tó bá jáde ti di aláìmọ́, kò sì gbọ́dọ̀ padà wọlé bá àwọn tó mọ́.

Àṣà yìí kò ni Ikhlas lára rí. Ìlú Amara ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ a máa ya ọkọ̀ ojú omi àti igi ọ̀pẹ sára fàdákà. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé àwọn kò pọ̀. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n ń pè é ní Ṣúbà, ẹni tó ń ri ara rẹ̀ bọ omi, àwọn ọmọ kan kì í sì í mu nínú ife tó bá ti fẹnu kàn. Ó gbé e mì. Lọ́dún tí wọ́n jí Sabah ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé nínú ṣọ́ọ̀bù wúrà rẹ̀, tí wọ́n dá a padà pẹ̀lú ìka mẹ́jọ, ìdajì àwọn ará wọn kó ẹrù. Sabah lọ sí Sydney. Àwọn mìíràn lọ sí Sweden. Ikhlas dúró, torí pé ìyá rẹ̀ kọ̀ láti kúrò létí odò Dijla tó la Baghdad kọjá.

"Odò Sydney ńkọ́?" ni Sabah ń bi ìyá náà lórí fóònù.

"Odò tí mi ò mọ ìyá tó bí i," ni ìyá yóò fèsì, "ṣé inú ẹ̀ ni kí n lọ ri orí mi bọ̀?"

Nílùú tí gbogbo ènìyàn ti ń dìbò, ẹni tó pọ̀ ní ọwọ́ tirẹ̀ láti nà sókè. Ẹni tí kò pọ̀, òfin nìkan ló ní. Àga kan ṣoṣo ni òfin yà sọ́tọ̀ fún àwọn Mándéà nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí wọ́n má baà rì pátápátá. Àga kan náà ni ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá kan nawọ́ mú. Wọ́n wá Mándéà kan tó ń jẹ Rafid, akọ̀wé ní ọ́fíìsì wọn, wọ́n ní kó díje. Wọ́n wá ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tiwọn, tí kì í ṣe Mándéà, pé kí wọ́n tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Dókítà Nasif, oníṣègùn eyín tí àwọn Mándéà fúnra wọn dìbò fún, ní ìbò 1,870. Rafid ní 3,402. Ikhlas gba fọ́tò fọ́ọ̀mù èsì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àdúgbò kan ṣoṣo, ibùdó ìdìbò mọ́kànlá, ló fún Rafid ní 2,316. Ó gbé ìwé ìrìbọmi ilé ìsìn wọn síwájú, ó wá gbogbo ẹni tó ń gbé àdúgbò náà. Ẹnì kan ṣoṣo ni, bàbá arúgbó kan tí wọ́n ti sin láti ìgbà òtútù. Ó tún rí nǹkan mìíràn: ní mẹ́rin nínú ibùdó náà, ìbò inú àpótí pọ̀ ju káàdì tí ẹ̀rọ kà lọ.

Gbogbo èyí ti wà létòlétò nínú fáìlì rẹ̀ láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ó sì jókòó tì í, ó ń dúró de Ọjọ́ Ajé.

Ó pe Dókítà Nasif. Nasif ló yẹ kó fọwọ́ sí i, òun ni wọ́n jà lólè.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀," ni Nasif wí. "Mo níyàwó. Mo ní kílíníìkì tí gíláàsì ló wà níwájú ẹ̀."

"Ìwọ lo jáde du ipò."

"Mo jáde, mo fìdí rẹmi. Àwa tí a kéré yìí, ìgbà tí a bá dákẹ́ ni wọ́n ń gbàgbé wa, tí a ń rí ààyè mí."

"Wọ́n ti gbàgbé wa. Ohun tí mò ń bá jà nìyẹn."

Ó pe àlùfáà. Àlùfáà wúkọ́ títí. "Mi ò lè ní kí ẹ lọ," ló wí níkẹyìn. "Mi ò sì lè ní kí ẹ má lọ."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ti là mí lóye."

Kò sí ẹlòmíràn tó lè mú ìwé náà lọ. Olùdìbò fúnra rẹ̀ ni yóò gbé káàdì rẹ̀ wá, tí yóò tẹ àtàǹpàkò. Agbẹjọ́rò kò lè ṣe é, aládùúgbò kò lè ṣe é.

Nígbà tó sọ fún wọn nínú ilé, oòrùn ti ń pọ́n. Ìyá rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, wà lórí ibùsùn pẹ̀lú ẹ̀rọ ikọ́-fée rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Wajida, àbúrò ìyá rẹ̀, ń fi aṣọ funfun bo ìkòkò omi.

"Ọ̀la kẹ̀?" ni Wajida wí. "Ìgbà tí kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan lójú pópó? Ikhlas, ológbò lásán bá fara kàn ọ́, ìrìbọmi ọ̀ọ́dúnrún kò ní bọ́ ọ."

"Màá rìn jìnnà sí ológbò, Àǹtí."

"Ológbò Baghdad? Àwọn tó máa ń tẹ̀ lé èèyàn wọ ọkọ̀?"

Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Tí o bá jáde, o ò ní wọlé títí di Ọjọ́ Ajé," ló wí. "O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀, Ìyá."

"Tí èémí mi bá há lóru ńkọ́? Wajida kò mọ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ yìí."

Ikhlas kọ́ Wajida ní ẹ̀ẹ̀mẹrin bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀rọ náà. Lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Wajida tẹ̀ ẹ́ kó tó gbé e dé ẹnu, èéfín oògùn náà tú sínú afẹ́fẹ́.

Kò sí ẹni tó sùn lóru náà, wọn kì í sùn. Ìyá rẹ̀ wúkọ́, Ikhlas ń ka iye ìgbà tó wúkọ́. Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ó kó fáìlì rẹ̀ sábẹ́ apá. Ìyá rẹ̀ yí ojú sí ògiri. Wajida ló ṣílẹ̀kùn, pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́ kí ọwọ́ rẹ̀ má baà kan irin, ó sì tì í padà kí Ikhlas tó sọ̀kalẹ̀ tán.

Ilé iṣẹ́ àjọ elétò ìdìbò kún. Òógùn ń ṣàn lára gbogbo ènìyàn bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí. Ìlà kò lọ síwájú fún wákàtí méjì. Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun jókòó lábẹ́ fèrèsé, ó ń fi fóònù ya fọ́tò olúkúlùkù tó bá dé ìdí tábìlì. Nígbà tí Ikhlas súnmọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi obìnrin jókòó ní kíláàsì yín. Ilé yín ṣì wà lẹ́yìn ilé epo yẹn, àbí?"

"Kí lo ní àbúrò rẹ ń jẹ́?"

Ọkùnrin náà tún ya fọ́tò kan.

Ilẹ̀kùn ilé wọn kò ní ju ìdè kan lọ, àwọn arúgbó méjì ló sì wà níbẹ̀. Ó ku ènìyàn mẹ́ta níwájú rẹ̀. Ó lè yípadà. Bí ó bá yípadà nísinsìnyí, yóò ti ba ọdún jẹ́ lásán. Ó dúró.

Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì, Bàbá Haydar, ti darúgbó, ó ń mu tíì nínú ife kékeré. Ó ṣí fáìlì, ó wo ojú ìwé àkọ́kọ́, ó wo Ikhlas.

"Mándéà ni yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kì í ṣe òní ni ọdún yín? Alágbẹ̀dẹ fàdákà àdúgbò mi ti ti ilẹ̀kùn pa láti àná. Ó ní tí mo bá kan ilẹ̀kùn, òun ò ní dáhùn, kódà kí n jẹ́ áńgẹ́lì."

"Òní ni."

"Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ẹ̀yin lẹ fi òní ṣe ọjọ́ ìparí."

"Èmi kọ́. Àjọ ni."

"Ṣé àjọ kò mọ̀ pé ọdún wa ni?"

Bàbá Haydar gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Wọ́n mọ ọdún tiwa," ló wí, ó sì ti ẹ̀rọ àtàǹpàkò síwájú rẹ̀.

Ikhlas tẹ̀ ẹ́. Iná pupa tàn. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Pupa. Ẹfun ìkọ̀wé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti jẹ ìlà ọwọ́ rẹ̀. Aago ara ògiri ti lé ní ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn aago kan.

"Ó ti gbẹ jù," ni Bàbá Haydar wí. Ó bu omi ẹ̀rọ sínú ike, ó gbé e wá. "Ẹ rì í bọ̀ ọ́, Ìyá. Ó máa ń gbà bẹ́ẹ̀."

Ikhlas wo omi náà. Omi Dijla ni, inú odò kan náà tí wọ́n ti rì í bọ̀ láti ọmọ oṣù kan. Lónìí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ pé kó má ṣe, èyí ló tóbi jù.

"Ẹ yára," ni obìnrin kan wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ṣé omi lẹ ń bẹ̀rù ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ikhlas dáhùn. Ó ri àtàǹpàkò rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó tẹ ẹ̀rọ náà, iná àwọ̀ ewé tàn. Bàbá Haydar lu òǹtẹ̀, ó kọ nọ́ńbà 0417 síwájú ìwé náà, ó fún un ní ẹ̀dà.

Nígbà tó dé ilé, ó jókòó sórí bíríkì lẹ́nu ọ̀nà, nínú àgbàlá, jìnnà sí koríko. Wajida gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀, ó ní ìyá rẹ̀ kò tíì jẹun. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ikhlas dìde, ó gbé etí lé pákó. Ikọ́, lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà èémí tó ń fọn fèrè.

"Àǹtí, ẹ gbọn ẹ̀rọ yẹn. Ẹ gbọ̀n ọ́n kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́."

"Mo ń gbọ̀n ọ́n."

"Ìyá, mò ń wọlé bọ̀."

"Má wọlé." Ohùn náà tín-ín-rín, ṣùgbọ́n òun ló ṣì ni ilé. "Wajida, mú un wá síbí, màá tẹ̀ ẹ́ fúnra mi."

Ikhlas gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe sín lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ó fi iwájú orí lé pákó títí èémí náà fi rọlẹ̀. Ìyá rẹ̀ tún sọ̀rọ̀.

"Wọ́n gbà á?"

"Wọ́n gbà á."

Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àwọn adájọ́ lò. Wọ́n fagi lé ibùdó mẹ́rin tí ìbò ti pọ̀ ju káàdì lọ, ìbò Rafid sì fi 893 dín. Ní ti méje tó kù, wọ́n ní òfin ya àga sọ́tọ̀, òfin kò sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ dìbò sí i. Rafid ṣì fi 639 borí. Ọjọ́ tí wọ́n búra fún un, Dókítà Nasif wà lára àwọn tó lọ bá a dáwọ̀ọ́ ìdùnnú.

Àwọn adájọ́ kan náà wo òǹtẹ̀ ọjọ́ tó wà lára ìwé 0417. Wọ́n pàṣẹ pé láti ìdìbò tó ń bọ̀, a kò gbọ́dọ̀ ka ọjọ́ ọdún ẹ̀sìn èyíkéyìí tí òfin mọ̀ mọ́ ọjọ́ ẹ̀hónú. Ìlà kan péré ni nínú ìdájọ́ ojú ìwé mọ́kàndínlógún. Ìlà náà nìkan ni Ikhlas kà sókè fún ìyá rẹ̀.

"Ó dáa," ni ìyá náà wí. "Mélòó la kù tí yóò lò ó?"

Ikhlas ò nílò láti ṣí ìwé ìrìbọmi wò. Ìdílé mẹ́ta tún ti kó ẹrù lọ́sẹ̀ náà. Ó sọ iye rẹ̀ fún un.