Màmá Àsàmáù àti Ewúrẹ́ Gàníyù

Kò sí ará Ọ̀kà tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí Màmá Àsàmáù yá ewúrẹ́. Lórí òkè lọ́hùn-ún, nínú kùrukùru òwúrọ̀, màmá jókòó sórí àpótí, ó ń ya ewé kékeré kan tó hù láàárín àpáta. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: ó ń ya igi àti ewé fún àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Àkùngbá. Ó wo ewé, ó wo ìwé. Nígbà tó máa tún wo ewé, ẹnu ewúrẹ́ Gàníyù aládùúgbò rẹ̀ ló ti rí i.

Gàníyù sáré dé, ó dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, màá san án."

"Kí lo fẹ́ fi san ewé? Ewúrẹ́ rẹ ni kó o yá mi. Ẹnu tó jẹ ẹ́ á mọ ibi tí ìyókù wà."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni màmá fi tẹ̀ lé ewúrẹ́ kiri orí òkè, àpótí lórí, agboòrùn lábíyá. Lọ́jọ́ kẹta, ewúrẹ́ dúró síwájú irú ewé náà gan-an. Màmá so ó mọ́lẹ̀, ó ní, "O ṣeun, ọ̀gá mi," ó sì jókòó ti iṣẹ́.

Olóríkunkun ni màmá, kí Ọlọ́run forí jì í. Kì í já ewé wálé. "Èyí tí wọ́n bá ti já, òkú ni. N kì í ya òkú." Ó lè wo ewé kan láti àárọ̀ títí wọ́n á fi pe ìrun ọ̀sán, bí ẹni tó ń lálàá. Bó o bá kí i, á ní, "Rọra. Ó ń ṣí."

Ó ya ewé yẹn tán, ó ku òdòdó. Òwúrọ̀ kan ṣoṣo lọ́dún ló sì ń ṣí, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Lọ́dún kìíní, màmá ti lọ ra pẹ́ńsùlù n'Íkàrẹ́. Lọ́dún kejì, ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ débẹ̀.

Dókítà Ìbíyínká, olùkọ́ tó fẹ́ tẹ àwòrán náà sínú ìwé, wá bẹ̀ ẹ́. "Màmá, ẹ ṣáà fojú inú wò ó, kẹ́ ẹ yà á."

"Ìbíyínká, ṣé ojú inú lo fi ń máàkì ìwé ọmọ tí ò wá ṣèdánwò?"

Ààyè òdòdó ṣófo síbẹ̀ lórí ìwé. Ẹ̀rù kan tó sì ń ba màmá ni pé òun á kú láìrí i.

Lọ́dún kẹta, orúnkún màmá kọ̀, kò lè gòkè mọ́. Òjò rọ̀, Gàníyù kanlẹ̀kùn láfẹ̀mọ́jú. "Màmá, ó fẹ́ ṣí! Ṣé kí n já a wá?"

"Dán an wò!"

Gàníyù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ó yá, ẹ jẹ́ n pọ̀n yín."

Ó pọ̀n ọ́n gòkè, màmá ń ráhùn lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ewúrẹ́ rẹ mọ̀nà jù ọ́ lọ." Nígbà tí wọ́n débẹ̀, kùrukùru ká, òdòdó kékeré aláwọ̀ aró ń là bọ̀. Màmá ò tíì fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù.

"Màmá, ẹ yà á kó tó rọ!"

"Dákẹ́. Jẹ́ n kọ́kọ́ rí i ná."

Ọyẹ́ ọdún yẹn ò bá màmá láyé. Àwòrán náà, tòun ti òdòdó rẹ̀, wà lára ògiri yunifásítì l'Ákùngbá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń béèrè ohun tí ewúrẹ́ ń wá nísàlẹ̀ rẹ̀. Gàníyù lọ wò ó. "Màmá, ẹ ya ìwo rẹ̀ kéré jù," ló wí. Ó rẹ́rìn-ín, ló bá fi fìlà nu ojú.

Títí dòní, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, á so gbogbo ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, á gòkè lọ jókòó ti òdòdó náà. Bó o bá kí i, á ní, "Rọra. Ó ń ṣí."