Jáàmù Èèpo Gúáfà Tí Ìyá Mi Sè

Yìnyín ti bo àtẹ̀gùn iwájú ilé wa ní East Flatbush ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó funfun bí òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Atẹ́gùn ò fẹ́, oòrùn ò yọ, híítà nìkan ló ń dún gbangban lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo jókòó nínú kíṣìnì, mò ń rò ó pé n kò ní lè jáde, àfi bí òórùn gúáfà ṣe gba àtẹ̀gùn gòkè wá bá mi.

Àǹtí Mavis, ará Tìrìnídáàdì tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, ló ń gé e. Mo rán Tèmi, ọmọ-ọmọ mi, pé kó lọ bá mi tọrọ èèpo àti inú gúáfà náà kí wọ́n tó dà á nù. Ọmọ náà wò mí lójú.

"Grandma, garbage nìyẹn."

Mo ní, "Lọ gbé garbage náà wá fún mi."

Kó tó gòkè padà, èmi ti dé Ìgbájọ, ìlú wa.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ ó rántí ọjọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á pe orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, á gbé nǹkan lọ síwájú. Àwọn kan á ru iṣu, àwọn kan á gbé àkùkọ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, iṣu wa ò ṣe dáadáa. Igi gúáfà kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa, àwọn alágbàtà sì ti kó èyí tó dára lọ. Èyí tí ẹyẹ ṣá àti èyí tó já lulẹ̀ ló kù. A gé ibi tó ṣeé jẹ níbẹ̀, a jẹ ẹ́. Èèpo ló ṣẹ́kù. Mo bú sẹ́kún, nítorí kí wọ́n pe èmi Bọ́lá kí n jáde lọ́wọ́ òfo lójú gbogbo ìjọ, ikú yá jù ú lọ lójú mi.

Ìyá mi ní, "Gbẹ́nu dákẹ́. Ohun tó wà nílé la fi ń ṣe àlejò." Wọ́n da èèpo náà sínú ìkòkò, wọ́n bu omi lé e, wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n gbé e kaná. Ìyàwó tíṣà ló kọ́ wọn. Bó bá ti rọ̀, kí wọ́n dà á sínú aṣọ mímọ́, kí wọ́n gbé e kọ́, kó máa kán fúnra rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi tó bá kán ni wọn yóò wá fi ṣúgà sè títí tí á fi dì. "Ẹ má fún un o, Ìyá Bọ́lá," ni ìyàwó tíṣà kìlọ̀. "Bẹ́ ẹ bá fún un, kò ní mọ́ gaara."

A gbé e kọ́ sẹ́ka igi. Ó ń kán, tó, tó, mo jókòó tì í, mò ń lé èèrà. Ìyá mi kọjá, wọ́n wò ó. Wọ́n tún kọjá, wọ́n tún wò ó. Ẹni tó ti ń sẹ́ ògì láti kékeré, níbo ló ti fẹ́ rí aṣọ tó kún fún omi kó má fún un? "Èyí tó kù nínú ibẹ̀ yẹn ńkọ́," ni wọ́n wí, "ta la fẹ́ fi sílẹ̀ fún?" Kí n tó lanu, wọ́n ti gbá aṣọ náà mú, wọ́n lọ́ ọ, wọ́n fún un gbẹ.

Jáàmù wa dì, ó sì pupa, ṣùgbọ́n ó rí bí omi odò lẹ́yìn òjò. Ìyàwó tíṣà náà gbé ìgò jáàmù tiwọn wá sí ìkórè, ó mọ́ débi pé o lè fi wojú. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi, mo gbé tiwa lọ síwájú, ẹ̀gbẹ́ ara wọn gan-an ni wọ́n sì to ìgò méjèèjì sí.

Lẹ́yìn ìsìn ni Bàbá Alágogo, tí kò léyín lẹ́nu mọ́, ti ìka bọ ìgò ìyàwó tíṣà, wọ́n lá a. Wọ́n ti ìka bọ tiwa, wọ́n lá a, wọ́n tún padà síbẹ̀. Wọ́n ní, "Ti ìyàwó tíṣà, ojú mi bá mi jẹ nínú ẹ̀. Tèyí, ẹnu mi nìkan ló dá a jẹ."

Ìyàwó tíṣà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyá Bọ́lá, ẹ fún un àbí ẹ ò fún un?"

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ọwọ́ mi ló fún un, mà. Èmi ò sí níbẹ̀."

Ẹ̀rín yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ìgò wa ló kọ́kọ́ ṣófo.

Tèmi gbé èèpo dé, a sè é, mo so aṣọ kọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ omi. Ó fa àga, ó jókòó tì í. "Grandma, ẹ jẹ́ ká kàn fún un now." Mo ní kó ní sùúrù, bẹ́ẹ̀ sì ni ọwọ́ ń yún èmi náà. Ọmọ tó jókòó sábẹ́ igi ní Ìgbájọ ń wá jáàmù tó mọ́ gaara, kí ojú má bàa tì í. Èmi màmá àgbà yìí, ojú ta ló tún fẹ́ tì mí? Ọwọ́ ìyá mi ni mò ń wá.

Lọ́jọ́ kejì, mo se èyí tó kán fúnra rẹ̀, ó mọ́ gaara, mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ fún Àǹtí Mavis tó ni èèpo. Mo padà gòkè, mo pe Tèmi, a di aṣọ náà mú lápá méjèèjì, a sì fún un.